Àánú Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Géètì, kò sì bínú sí orúkọ náà. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé girama, kò sì sí àárọ̀ kan tí aago méje ààbọ̀ kò bá a lẹ́nu géètì, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Ẹni tó bá ti wọlé ti wọlé. Ẹni tó bá kù síta, kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó bí i.

Igbákejì rẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ ń pe ìyẹn, nítorí kò sí ohun tójú rẹ̀ rí tí kò ní kí ní pẹ̀lẹ́: ọmọ tó ṣubú, tíṣà tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá, títí kan àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ìyá Géètì ka gbogbo èyí sí ọ̀lẹ ọkàn. Ó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà pé bí kì í bá ṣe òun, igbákejì òun ì bá ti fi pẹ̀lẹ́ sọ ilé-ìwé di ilé ìtọ́jú ọmọ ọwọ́.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì àṣejáde tí wọ́n ń pè ní Olóorun. Kò sí ẹ̀kọ́ tí kò lè sùn nínú rẹ̀. Ó ń sùn nígbà ìṣirò, ó ń sùn nígbà ìwé kíkà. Wọ́n tiẹ̀ ní kó dìde dúró lọ́jọ́ kan torí pé ó ń sùn, ló bá sùn lórí ìdúró.

Lọ́jọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, Olóorun ni wọ́n kọ́kọ́ rí bí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn kíláàsì. Ó fi ìwé ṣe ìrọ̀rí, ó ń hanrun. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Kí àwọn aláyẹ̀wò tó kúrò nínú ọgbà, Ìyá Géètì ti kọ̀wé pé kí ọmọ náà máa lọ sílé títí sáà ó fi parí. Ìdánwò àṣejáde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò wọlé, ó wá ilé ọmọ náà lọ, ó sì kọ ohun tó rí níbẹ̀ sínú lẹ́tà olójú-ewé mẹ́ta, ó fi sórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀. Ìyá Géètì wo bí lẹ́tà náà ṣe gùn tó, ó fi báírò pupa kọ "Mo ti rí i" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó tì í bọ fáìlì.

Òótọ́ ló kọ. Ó rí i. Kíkà ni kò kà á.

Olóorun kò ṣe ìdánwò lọ́dún náà. Ọdún náà ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ fẹ̀yìn tì, Ìyá Géètì sì sọ̀rọ̀ ìdágbére tó dùn débi pé àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó sọ̀rọ̀ ju ẹni tó ń lọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ alábòójútó tuntun pe òun náà. Wọ́n fi í jókòó sórí àga tó rọ̀. Wọ́n ní ayé ti yí, ọwọ́ rẹ̀ ti le jù, àwọn òbí ń ráhùn, kó jọ̀ọ́ kó lọ sinmi. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ débi pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yé e pé wọ́n ti lé òun.

Ibi tó ti ń palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́ ni lẹ́tà náà ti já bọ́ láti inú fáìlì. Ó dá báírò pupa tirẹ̀ mọ̀. Ó jókòó sórí páálí ìwé, ó kà á.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ kọ ọ́ pé ilé àwọn ọmọ náà jóná lọ́dún méjì sẹ́yìn. Olóorun ló fa àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì jáde nínú èéfín. Láti ìgbà náà, kò lè sùn nílé mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, tí yóò máa fín afẹ́fẹ́ símú bóyá yóò gbóòórùn iná. Ilé-ìwé nìkan ló ti ń rí oorun sùn, nítorí ó ní ibẹ̀ ni àgbàlagbà pọ̀ sí, bí nǹkan bá ń jó, ẹnì kan á tètè rí i. Ìyá Pẹ̀lẹ́ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ọ̀gá, ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀dọ̀ wa ló sá wá."

Ìyá Géètì sunkún. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó sunkún gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tó nujú tán, kò wá Ìyá Pẹ̀lẹ́ lọ, kò sì wá ọmọ náà lọ. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi sí báàgì.

Ọkọ rẹ̀ ní kó sinmi. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì fẹ́ẹ̀ pa á. Ó ka gbogbo àwo inú ilé, ó ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí ìgbà tó ń jí. Ìgbà náà ló gbọ́ pé àwọn ilé-ìwé ń wá àwọn tó lè kọ́ tíṣà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tó ní ọgbẹ́ ọkàn, ìyẹn àwọn ọmọ tí ojú wọn ti rí ohun tó ju ọjọ́ orí wọn lọ. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ márùn-ún kan wà fún iṣẹ́ náà. Ó forúkọ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní ló ti ṣàkíyèsí ohun kan. Gbogbo ohun tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún láìní sátífíkéètì. Má bi ọmọ pé kí ló ń ṣe ọ́. Má dójú tì í lójú ẹgbẹ́. Dúró tì í. Ìyá Géètì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò pẹ́ lọ́jọ́ kan, òun ló sì gbégbá orókè nínú ìdánwò bí a ṣe ń fi ọkàn ọmọ balẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kan férémù sí sátífíkéètì náà. Kò pẹ́, káàdì jáde: Olùdámọ̀ràn lórí Ọgbẹ́ Ọkàn Ọmọdé.

Ilé-ìwé kékeré kan ló kọ́kọ́ pè é. Tíṣà méjìlá ló jókòó sí yàrá wọn, fáànù kan ń dún gìrọ̀gìrọ̀ lókè. Ó sọ gbogbo ohun tó kọ́. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́yìn tó ń máàkì ìwé, kò gbójú sókè. Nígbà tó tó àsìkò ìbéèrè, ọkùnrin náà béèrè láìdá báírò rẹ̀ dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ti ṣe é rí, àbí inú ìwé lẹ ti kà á?"

Àwọn yòókù gbójú sókè. Ìyá Géètì la ẹnu láti sọ òótọ́. Òótọ́ náà kò sì burú láti sọ: òun ṣe òdì rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, òun sì rí ohun tó bí. Àwọn méjìlá yẹn ì bá gbọ́ ọ, wọn ì bá sì gbà á. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tíṣà dà bí ojú àwọn ìgbìmọ̀ alábòójútó, ó sì ti sú u kí wọ́n máa wo òun bí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ le.

"Ọmọ kan wà," ló sọ. "Ó máa ń sùn ní kíláàsì."

Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ni.

"Mo lọ sílé wọn."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ọkùnrin náà dá báírò rẹ̀ dúró. Nígbà tó fi máa sọ ti èéfín àti ti ẹnu ọ̀nà dé òpin, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ti yọ áńkáṣíìfù. Wọ́n sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, ẹnikẹ́ni kò sìn ín débìkan rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti purọ́ rí mọ̀ pé irọ́ kì í dá jẹun, ó máa ń ké sí ẹbí rẹ̀. Ní ilé-ìwé kejì, òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá Géètì lọ sílé ọmọ náà. Ní ìkẹta, ó fẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tó fi máa dé orí rédíò, ó ti kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó ti tọrọ àforíjì lórúkọ gbogbo àgbàlagbà.

Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ níbi tó ti ń fá pákó. Nígbà tó délé, ọkùnrin náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé ta ló kúnlẹ̀.

"Èmi ni."

"Pẹ̀lú orúnkún wo? Èyí tí mo máa ń bá ọ fi oògùn ra yìí?"

Ó ní àkàwé ni, pé àwọn èèyàn nílò nǹkan tí wọ́n lè fojú inú rí. Ọkọ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́ẹ̀kan, "àkàwé," ó sì padà sídìí pákó rẹ̀.

Iṣẹ́ wá ń ya wọlé. Ó gba ọ́fíìsì kan, ó gba akọ̀wé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akọ̀wé náà pẹ́ dé, ilé ìwòsàn ló ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó kàn án títí. Ọ̀gá rẹ̀ wà nínú ilé, ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dí: ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lórí sùúrù ló ń kọ. Ọjọ́ kejì ni akọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá Géètì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kò ní ìfaradà.

Ẹ̀rí ọkàn kò ṣàì máa gún un. Ó gbéra lọ́jọ́ Àìkú kan láti lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá Pẹ̀lẹ́, ó ra èso dání. Ó dé ìkòríta àdúgbò náà, ó rí ìyá àgbà náà lókèèrè lójú fèrèsé, ó ti hewú kanlẹ̀, ẹnì kan jókòó tì í tó ń kàwé fún un. Ìyá Géètì ní kò yẹ kóun da ìwé kíkà rú. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ míì. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló jẹ èso náà.

Dípò kó padà lọ, ó ṣe ìwé. Ìwé pẹlẹbẹ ni, ṣùgbọ́n ìtàn Olóorun wà nínú orí kìíní, òjò, ẹrẹ̀ àti gbogbo ẹ̀. Ìwé náà dé ọwọ́ olùdarí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Olùdarí ní kó wá kọ́ igba tíṣà nínú gbọ̀ngàn ńlá, pé bí ọjọ́ kan náà bá lọ dáadáa, gbogbo ilé-ìwé ìjọba di tirẹ̀ láti máa dá lẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ náà pé, gbọ̀ngàn kún. Olùdarí jókòó níwájú, awò ojú rẹ̀ so kọ́ ọrùn. Ìyá Géètì sọ ìtàn náà bí kò ṣe sọ ọ́ rí. Ó mọ ibi tí wọ́n máa mí kanlẹ̀, ó sì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Nígbà tó parí, áńkáṣíìfù ti jáde káàkiri.

Obìnrin kan nawọ́ lórí ìlà kẹta. Kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Wọ́n gbé máìkì fún un.

"Ẹ ṣeun, mà. Ìbéèrè kékeré ni mo ní. Nígbà tẹ́ ẹ délé ọmọ náà, kí ló kọ́kọ́ sọ fún yín?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní èyí rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í wọ́n asọ̀tàn. Ó ní ọmọ náà di òun lọ́wọ́ mú, ó wo òun lójú, ó ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ gba ẹ̀mí mi là."

Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí nǹkan.

"N kò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, mà," ló wí. "Èmi lọmọ tó ń sùn."

Ìyá Géètì rò ó pé ó parí fún òun.

Kò parí. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíì tẹ̀ lé e. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, igba èèyàn ti dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń sunkún, nítorí wọ́n rò pé ìpàdé ìyá àtọmọ ni wọ́n ń wò. Olùdarí sáré gun orí pèpéle, ó fa obìnrin náà gòkè, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ Ìyá Géètì. Ayàwòrán ní kí wọ́n súnmọ́ ara wọn sí i. Olùdarí gba máìkì, ó ní kò sí ìjíròrò kankan tó kù, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti di ti ìyá wa.

Lórí pèpéle yẹn, Ìyá Géètì wo ojú Olóorun, ó ń wá ìbínú níbẹ̀. Kò rí i. Obìnrin náà kàn ń wò ó bí tíṣà rere ṣe ń wo ọmọ tó ní òun ti jẹun wá láti ilé, tí ikùn rẹ̀ sì ń kùn.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, Ìyá Géètì bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́.

"Mo sọ tèmi, mà. Wọ́n pàtẹ́wọ́." Olóorun bu omi mu. "Ìyókù dọwọ́ yín."

Ó wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún un. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ló gbà á sílé lẹ́yìn tí wọ́n lé e, tó ń kọ́ ọ níwèé nídìí tábìlì ìjẹun títí ó fi ṣe ìdánwò ní ibòmíì lọ́dún kejì. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ló ní kó ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ojú ìyá àgbà náà ti ń ṣe bàìbàì báyìí, kò lè kàwé mọ́, nítorí náà òun máa ń lọ kàwé fún wọn lọ́jọ́ Àìkú.

"Mo ka ìwé tiyín fún wọn," ló wí.

Ìyá Géètì béèrè pé, "Gbogbo ẹ̀?"

"Títí kan ibi tẹ́ ẹ ti kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní, 'Ọlọ́run ṣeun, ó jàjà ka lẹ́tà mi.'"

Bí wọ́n bá bú u, ì bá rí ara gbà á sí. Bí wọ́n bá ní wọ́n ń bọ̀ wá pè é lẹ́jọ́, ì bá wá lọ́yà. Ẹ̀rín yẹn ni kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ó kù ká sọ pé òun fúnra rẹ̀ ló yan àkòrí ẹ̀kọ́ ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò: "Bí Àgbàlagbà Ṣe Ń Jẹ́wọ́ Àṣìṣe fún Ọmọdé." Ó gorí pèpéle, ó fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má kọ ohun tóun fẹ́ sọ yìí sílẹ̀. Ó ní òun kọ́ lòun lọ sílé ọmọ náà. Ó ní òun lòun lé e. Ó ní lẹ́tà wà, òun kò kà á.

Àwọn tíṣà kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n ìkọ́ni ni. Ọ̀kan tiẹ̀ nawọ́, ó béèrè bóyá kí wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ láti jíròrò rẹ̀. Ìyá Géètì ní rárá, kò sí ẹgbẹ́, òótọ́ lásán lòun ń sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ló tó yé wọn.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Olùdarí gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó bọ́ ọ, ó dìde, ó jáde. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà dúró dè é kó lè sọ tẹnu rẹ̀ kó tó lọ. "Ẹ̀kọ́ àárọ̀ dára, mà," ló sọ fún un. "Ó kàn dùn mí pé ẹ ò sí ní kíláàsì nígbà tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ."

Kó tó délé, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti lọ. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ilé-ìwé yòókù ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ pé àwọn ti sún ọjọ́ síwájú, láìsọ ọjọ́ tí wọ́n sún un sí. Rédíò kò pè mọ́. Ọkọ rẹ̀ kò sọ pé òun kìlọ̀. Ó kàn bi í bóyá kóun yọ sátífíkéètì náà kúrò lára ògiri, Ìyá Géètì ní kó fi í sílẹ̀, òótọ́ ni èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀, òun kò pẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ó wá gbéra lọ sọ́dọ̀ Ìyá Pẹ̀lẹ́, láìra èso. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, orúnkún sì dùn ún bí ọkọ rẹ̀ ṣe mọ̀. Ó sọ ohun gbogbo tó ṣe, ó dúró de "pẹ̀lẹ́." Ẹni tó ń kí àga ní pẹ̀lẹ́ kò kí i.

"O ṣẹ̀ mí," ni ìyá àgbà náà wí. "O ṣẹ ọmọ yẹn jù. Dìde, kí orúnkún rẹ má bàa di ìtàn míì."

Olóorun wà níbẹ̀. Ìyá Géètì yíjú sí i, ó bẹ òun náà. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní, "Mo ti gbọ́, mà," ó sì ṣí ìwé tó ń kà. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí Ìyá Géètì tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jìnnà sí ìdáríjì tó. Òun náà ti kọ "Mo ti rí i" rí.

Ṣùgbọ́n Ìyá Pẹ̀lẹ́ kò jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òun máa ń lọ jókòó tì í ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ojú kò gbé e mọ́. Kí Ìyá Géètì máa lọ dípò òun.

Ìyá Géètì béèrè ohun tóun máa sọ fún ọmọ náà.

"Kí lo fẹ́ sọ? Jókòó."

Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́, kò sí máìkì, àga ọmọdé ni wọ́n fún un, ó kéré fún un. Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí i. Lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, bákan náà. Ní oṣù kejì, ọmọ náà yí àga rẹ̀ díẹ̀. Ó lé ní oṣù mẹ́rin kó tó di ọjọ́ tó la ẹnu, tó sì sọ ohun kan tó mú kí Ìyá Géètì jókòó sínú ọgbà ilé-ìwé náà fún ìgbà pípẹ́ kó tó lè rìn lọ sílé.

Nígbà tí Ìyá Géètì fúnra rẹ̀ sọ ìtàn yìí débí fún àwa tá a jókòó gbọ́ ọ, a bi í pé kí ni ọmọ náà sọ. Ẹ̀yin náà ì bá bi í. A rí i lójú rẹ̀ pé ó wù ú láti sọ ọ́, pé ó mọ ibi tá a máa mí kanlẹ̀ sí.

Ó mú báàgì rẹ̀, ó dìde.

"Ìtàn tèmi ni mo wá sọ," ló wí.